Iṣan Tó Fún Tí Kò Tètè Tú: Ìkìlọ̀ fún Ẹni Tó Ń Fín Oògùn Koríko àti Ẹni Tó Ń Lọ fún Iṣẹ́ Abẹ

Ẹni tó bá ń dá oko àgbàdo tàbí oko ìrẹsì láyé ìsinsìnyí kò ní ṣàì mọ oògùn koríko tí wọ́n ń pè ní 2,4-D. Inú ike lítà kan ni wọ́n sábà máa ń tà á, omi inú rẹ̀ pọ́n díẹ̀, òórùn rẹ̀ sì máa ń ta síni nímú. Bí wọ́n bá fín in sóko, àwọn koríko eléwé gbàràgbàdà ni yóò pa, àgbàdo yóò sì dúró láàárín wọn láìmira. Àgbẹ̀ tó mọ iye tí àwọn alágbàro ń gbà lójúmọ́ kò lè ṣàì fẹ́ràn irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí àjọ NAFDAC sì ti fòfin de paraquat ní oṣù kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé apani ti kúrò lórí àtẹ, pé koríko nìkan ni àwọn tó kù níbẹ̀ ń pa. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ o.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lo 2,4-D. Ohun tí mò ń sọ ni pé oògùn yìí ní ibi kan pàtó tó ti ń bá ara ènìyàn jà, ibẹ̀ sì ni iṣan tí a fi ń dìde, tí a fi ń rìn, tí a fi ń di ọkọ́ mú. Ojúhò kan wà lára iṣan yẹn tí 2,4-D máa ń tì pa. Àwọn ènìyàn kan sì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe bí wọn ni ojúhò náà ti tì, tí oògùn ilé ìwòsàn kan lè sọ tiwọn di ọ̀ràn ńlá lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ. Àgbẹ̀ tó gbé táńkì kọ́yìn àti aláìsàn tó ń dúró de abẹ kò jọ ara wọn, ṣùgbọ́n ojúhò kan náà ló da ọ̀rọ̀ wọn pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ojúhò ọ̀hún díẹ̀. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó dì mọ́ra ni iṣan wa, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló sì bo okùn kọ̀ọ̀kan. Awọ yìí kò mọ sí ìta nìkan. Ó ya wọ inú okùn náà lọ káàkiri ní ihò tóótòòtó, kí àṣẹ tó bá ti ọ̀dọ̀ ọpọlọ wá lè dé àárín gbùngbùn rẹ̀ kíákíá. Nígbà tí ọpọlọ bá ní kí ọwọ́ dì, sódíọ̀mù yóò wọlé, pòtáṣíọ̀mù yóò jáde, iná kékeré kan yóò sáré gba ara awọ náà kọjá wọ inú àwọn ihò yẹn lọ, kálísíọ̀mù yóò tú jáde láti inú àpò tó fara pamọ́ sínú okùn, iṣan yóò sì fún. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, ó ti parí.

Pòtáṣíọ̀mù tó jáde yẹn ni wàhálà. Àyè kò sí nínú ihò tóótòòtó, kò tètè rí ibi gbà lọ, ó sì ń kó jọ síbẹ̀. Bó bá ti ń kó jọ, ó ń ta iṣan jí pé kó tún fún, bẹ́ẹ̀ ọpọlọ kò rán an níṣẹ́ kankan mọ́. Ohun tí kì í jẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀ lára wa ni kiloráìdì. Òun àti sódíọ̀mù ló para pọ̀ di iyọ̀ tí a ń fi sọ́bẹ̀, kì í ṣe àjèjì. Ojúhò tó ń gbà kọjá lára awọ iṣan ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ClC-1, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti pa iná tó bá fẹ́ ràn lásán. Nínú gbogbo agbára tí awọ iṣan ní láti gba iná kọjá nígbà tó bá ń sinmi, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ló jẹ́ ti kiloráìdì. Iṣẹ́ tí R. H. Adrian àti S. H. Bryant tẹ̀ jáde ní ọdún 1974 lórí iṣan ewúrẹ́ ló tọ́ka sí i pé inú àwọn ihò tó wọnú lọ yẹn gan-an ni pòtáṣíọ̀mù ti ń kó jọ, tó sì ń dá rògbòdìyàn sílẹ̀ bí kiloráìdì kò bá ráyè ṣiṣẹ́.

Bí ojúhò yìí bá tì, ẹ wo onílù dùndún tó fún osán gán-an-gán kí ohùn ìlù lè lọ sókè, tó wá jọ̀wọ́ osán tán, tí ohùn sì kọ̀ tí kò sọ̀kalẹ̀. Bí iṣan náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ènìyàn yóò bọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, yóò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀, ìka kò ní là. Yóò ti orí àga dìde, ẹsẹ̀ yóò gan sójú kan. Ó lè máà dùn ún rárá. Àwọn dókítà ń pè é ní mayotóníà.

Ewúrẹ́ tí mo dárúkọ yẹn, ìran kan ni ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti mọ̀ ọ́n níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1880 sí 1890. Bí nǹkan bá dẹ́rù bà á lójijì, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò gan, yóò sì ṣubú gbì. Ewúrẹ́ tó ń dákú ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kì í dákú: ojú rẹ̀ là kedere, gbogbo ohun tó ń lọ ló mọ̀, iṣan rẹ̀ ni kò tíì tú. Láìpẹ́ yóò dìde, yóò tiro díẹ̀, yóò sì máa jẹ̀ lọ. Ní àwọn ọdún 1960, Bryant àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cincinnati rí i pé kiloráìdì kò rí ọ̀nà gbà lára awọ iṣan ewúrẹ́ náà bó ti yẹ. Ó di ọdún 1991 kí Thomas Jentsch àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Hamburg tó rí ojúhò náà fúnra rẹ̀ mú.

Báwo ni oògùn koríko ṣe wá wọ ọ̀rọ̀ yìí? Ayé ogun àgbáyé kejì ni wọ́n ṣe 2,4-D jáde, kò sì tíì pẹ́ lọ́jà tí àwọn olùwádìí fi fún àwọn ẹranko lọ́pọ̀lọpọ̀. Àbájáde tó jáde ní ọdún 1946 sọ pé iṣan àwọn ẹranko náà le, kò sì tètè rọ̀. Nígbà tó yá, ó di irinṣẹ́: bí onímọ̀ bá fẹ́ yẹ mayotóníà wò, tí kò sì ní ewúrẹ́ Tennessee, yóò fún èkúté ní 2,4-D, àìsàn náà yóò sì dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí ibẹ̀ yẹn dáadáa. Ohun tí wọ́n fi ń dá àìsàn iṣan sílẹ̀ lára èkúté nínú yàrá ìwádìí ni à ń rà ní lítà-lítà, tí à ń gbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Òtítọ́ tún ní láti bá òtítọ́ rìn. Oògùn tó pọ̀ gan-an ni wọ́n fún àwọn ẹranko yẹn. Àgbẹ̀ tó po oògùn rẹ̀ níwọ̀n, tó wọ bàtà àti ìbọ̀wọ́, tó fín in tán tó lọ wẹ̀, kò ní tìtorí ìyẹn di ewúrẹ́ Tennessee. Àwọn kan tún máa ń sọ pé òun ni májèlé tí wọ́n fi ba ilẹ̀ àti ènìyàn jẹ́ nígbà ogun Vietnam. Lóòótọ́, ìdajì èyí tí wọ́n dà síbẹ̀ jù lọ ni 2,4-D, ṣùgbọ́n inú ìdajì kejì, ìyẹn 2,4,5-T, ni dioxin olóró yẹn wà. Kò sídìí tí a ó fi parọ́ mọ́ nǹkan tí ewu tirẹ̀ tó ewu. Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ ìpele kejì nínú àwọn kẹ́míkà oko tó léwu, èyí tí àmì àwọ̀ yẹ́lò máa ń wà lára ike rẹ̀. Ní ọdún 2015, àjọ IARC tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ fi í sára àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí ni bí a ṣe ń lò ó. Ẹ lọ sí etí oko lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fín. Táńkì tó ti ń jò ni ọmọkùnrin náà gbé kọ́yìn, omi oògùn ń ṣàn gba ẹ̀yìn rẹ̀ bọ̀ sí bèbè ṣòkòtò, oòrùn ń pa á, ó ń làágùn, ara rẹ̀ sì ń mu ún. Sílípáàsì ló wọ̀. Ẹnu ẹ̀rọ dí, ó tú u, ó fi ẹnu ara rẹ̀ fẹ́ ẹ fùù, ó tutọ́ dànù, ó dá a padà, iṣẹ́ ń lọ. Ìdérí ike ló fi wọn oògùn, igi ni wọ́n kọ́kọ́ fi rò ó, nígbà tí igi kò sí nítòsí, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọ̀sán pọ́n, ó jókòó sábẹ́ igi, ó fi ọwọ́ yẹn jẹ gaàrí. Lálẹ́, aṣọ oko wọ inú báàfù kan náà pẹ̀lú aṣọ ọmọ ọwọ́. Kò sí ẹni tó gbé májèlé mu nínú gbogbo èyí, ṣùgbọ́n ẹ ka iye ọ̀nà tó gbà wọlé.

Awọ ara ni ọ̀nà tó ń gbà jù lára àwọn tó ń fín in, pàápàá awọ ọwọ́. Ní ọdún 1959, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà kọ nípa àwọn mẹ́ta kan tí 2,4-D dà sí lára lẹ́nu iṣẹ́ oko. Wọn kò mu ún. Láàárín wákàtí díẹ̀ ni àìsàn bẹ̀rẹ̀, ara ń ro wọ́n, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń kú tipiri, agbára sì bọ́ lára wọn débi tí rírìn di ìṣòro. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ara wọn kò tíì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Irú ti epo ló dà sí wọn lára, èyí tí wọ́n ń pè ní ester. Ẹ máa wo ara ike: bí ẹ bá rí ester, ẹ mọ̀ pé ìyẹn máa ń tètè gba inú awọ kọjá, ó sì máa ń fẹ́ lọ nínú atẹ́gùn ju èyí tí wọ́n kọ amine sí lára lọ. Ẹ̀gẹ́ aládùúgbò, ẹ̀wà rẹ̀ àti tòmátò rẹ̀ lè ti ibẹ̀ kú, nítorí eléwé gbàràgbàdà ni àwọn náà. Ìjà ààlà oko tó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá gbé e mu, yálà ó ṣèèṣì ni tàbí ó mọ̀ọ́mọ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun yóò máa ta á, yóò bì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀, orí rẹ̀ lè dàrú títí tí kò fi ní mọ ibi tó wà. Iṣan rẹ̀ lè máa gbọ̀n, kó le, kó sì máa yòrò nínú ara. Bí iṣan bá ti ń yòrò, ìtọ̀ yóò dúdú, kídìnrín tó yẹ kó kó oògùn náà dànù yóò sì kọṣẹ́. Kò ní ẹ̀rọ̀. Ohun tí ilé ìwòsàn lè ṣe ni láti fa omi sí i lára, láti yí ìtọ̀ padà kí kídìnrín lè tètè kó oògùn náà jáde, kí wọ́n sì máa ṣọ́ mímí rẹ̀ àti ọkàn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè ṣe èyí nínú ilé.

Nítorí náà, ẹ fi epo pupa sílẹ̀. Mo mọ̀ pé òun ni ọwọ́ wa kọ́kọ́ máa ń nà sí bí ẹnì kan bá gbé májèlé jẹ, ọ̀pọ̀ ìyá ló sì ti fi ìfẹ́ dà á sí ọmọ lọ́fun. Epo pupa kì í pa 2,4-D. Ohun tó máa ń ṣe ni pé ó máa ń mú ènìyàn bì, èébì tó ní kẹ́míkà nínú lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, ẹni tí ilé ìwòsàn ì bá gbà là yóò wá ti ibẹ̀ kú. Ẹ má fi ìka rọ́ ọ lọ́fun, ẹ má fún un ní mílíìkì tipátipá. Ẹ bọ́ aṣọ tí oògùn dà sí kúrò lára rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́. Bó bá ta sí i lójú, ẹ máa da omi tó mọ́ sí ojú náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tòun ti ike oògùn, nítorí ohun tí wọ́n kọ sára ike yẹn ni dókítà yóò fi mọ ohun tó ń bá jà.

Àwọn ọdẹ náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn níbẹ̀. Kídìnrín ajá kì í tètè kó irú kẹ́míkà yìí dànù bíi ti ènìyàn, ìdí nìyẹn tí 2,4-D fi ń ṣe ajá ju ọ̀pọ̀ ẹranko lọ. Ajá tó la omi inú páànù tí wọ́n fi po oògùn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gan, kì í ṣe ejò ló bù ú ṣán. Ẹ má so ajá mọ́ ibi tí wọ́n bá ti ń po kẹ́míkà.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n bí mayotóníà mọ́. Ní ọdún 1876, Julius Thomsen, dókítà kan ní Schleswig, kọ̀wé nípa àìsàn tó wà nínú ìdílé rẹ̀ láti ìran dé ìran, àti lára òun fúnra rẹ̀. Ohun tó mú un kọ ọ́ ni pé wọ́n fẹ̀sùn kan ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pé ó ń díbọ́n kó má bàa wọ iṣẹ́ ológun. Títí di òní, irú ẹ̀sùn yẹn kò tíì kúrò nílẹ̀. Ọmọ tó ní in lè sanra, kí iṣan itan rẹ̀ ki ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kí ó sì jẹ́ òun ló máa ń kẹ́yìn bí tíṣà bá ní kí wọ́n sáré. Tíṣà yóò pè é ní ọ̀lẹ. Bó bá ta gìrì nígbà tí nǹkan bá dún, tó ṣubú lulẹ̀ gbọnrangandan, wọn yóò ní wárápá ni, tàbí pé àsáàsí ni wọ́n sà sí i. Wọn yóò sín in ní gbẹ́rẹ́. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó gbé ọmọ kiri, ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò yìí: ẹ ní kó di ọwọ́ pinpin, kó kà dé mẹ́wàá, kó là á lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìka bá ń là ní díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́, tó sì jẹ́ pé bó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún, ọwọ́ náà wá ń rọ̀ sí i, ẹ gbé e lọ bá dókítà tó mọ̀ nípa iṣan àti ọpọlọ. Òun yóò fi òòlù kékeré kan gbá ìdí àtàǹpàkò ọmọ náà, àtàǹpàkò yóò fà wọ inú àtẹ́lẹwọ́, yóò dúró síbẹ̀, kò ní padà bọ̀rọ̀. Ó tún lè fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́tí sí iṣan, kó gbọ́ bí iná inú rẹ̀ ṣe ń kùn, tí ohùn náà ń lọ sókè, tó ń bọ̀ wálẹ̀, nígbà tó yẹ kí ó dákẹ́ rọ́rọ́.

Kò wọ́pọ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn ló ń ní in kárí ayé, bó tilẹ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní àríwá Scandinavia. Irú ti Thomsen, òbí kan ṣoṣo ló lè fi ta ọmọ lọ́rẹ. Irú kejì, èyí tí dókítà mìíràn tó ń jẹ́ Becker ṣàlàyé rẹ̀, bàbá àti ìyá ni yóò jọ gbé e wá, kí nǹkan kan sì má ṣe àwọn méjèèjì, bí ọ̀rọ̀ AS àti AS ṣe rí. Ẹ má ṣe jókòó máa bi ìyá ọmọ léèrè pé irú ìdílé wo ló ti wá.

Ẹ má sì sọ pé àìsàn òyìnbó ni. Oríṣi kan wà tó burú ju gbogbo wọn lọ, tó máa ń bá ọkàn jà, tó máa ń fi ojú sínú ìkùukùu, tó sì máa ń jẹ́ kí iṣan rù. Nínú tirẹ̀, àbùkù kan tó wà níbòmíràn nínú ẹ̀jẹ̀ ìran ni kì í jẹ́ kí ara rí ojúhò kiloráìdì ṣe bó ti yẹ. Ní ọdún 1995, iṣẹ́ ìwádìí kan jáde lórí ìdílé kan ní Nàìjíríà tó ní in. Ògúnníyì àti Ọ̀ṣúntókun wà lára àwọn tó kọ ọ́, Ọ̀ṣúntókun yẹn kan náà tí ayé mọ̀ ní Ìbàdàn fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀gẹ́ àti àìsàn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn lè rìn tààrà.

Iyọ̀ jíjẹ kò lè ṣí ojúhò tó tì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni yóò fi kún un. Láyé ọjọ́un, kínínì ni wọ́n fi ń tọ́jú mayotóníà, àwọn dókítà sì ti pa ìyẹn tì nítorí ohun tó lè ṣe fún ọkàn. Èyí tí wọ́n ń lò báyìí ni mexiletine: ìdánwò kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2012, tí wọ́n ṣe fún ènìyàn mọ́kàndínlọ́gọ́ta, fi hàn pé ó ń mú kí iṣan rọ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, ó sì lè da ìlù ọkàn rú. Kì í ṣe oògùn tí ènìyàn ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta oògùn nínú mọ́tò. Àwọn tó ń lo oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, bí iṣan yín bá bẹ̀rẹ̀ sí le, ẹ sọ fún dókítà. Oògùn ọ̀rá kan tó lókìkí láyé àtijọ́, clofibrate, bá 2,4-D tan nínú bí wọ́n ṣe ṣe é, òun náà sì dá iṣan àwọn kan lóró.

Ibi tí kò gba àfojúdi rárá ni yàrá iṣẹ́ abẹ. Kí wọ́n tó ki rọ́bà sí ọ̀fun aláìsàn láti fi gbé afẹ́fẹ́ fún un, wọ́n máa ń fún un ní oògùn tó ń dẹ iṣan. Ọ̀kan nínú wọn ni suxamethonium, ó yá, ó sì wọ́pọ̀. Lára ẹni tó ní mayotóníà, ìdàkejì ló máa ń ṣe: eyín yóò pàdé gbagidi, àyà yóò le, afẹ́fẹ́ kò ní wọlé, oníṣègùn tó dúró lórí rẹ̀ kò sì ní mọ ohun tó dé. Òtútù inú yàrá náà àti gbígbọ̀n tó máa ń tẹ̀ lé iṣẹ́ abẹ tún lè mú kó le sí i. Oògùn mìíràn wà tí wọ́n lè lò dípò rẹ̀, kìkì bí wọ́n bá mọ̀ ṣáájú. Aboyún pẹ̀lú, nítorí oyún máa ń mú kí iṣan àwọn kan le ju tàtẹ̀yìnwá lọ, ọjọ́ kìíní tí ẹ bá lọ fún ìtọ́jú aboyún ni kí ẹ ti sọ ọ́. Ẹ má dúró di ọjọ́ tí wọ́n bá ní abẹ ni yóò gbà, tí gbogbo ènìyàn ti ń sáré.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pélébé, kí ẹ fi í sínú pọ́ọ̀sì: pé ẹ ní mayotóníà, tàbí pé ẹnì kan nínú ìdílé yín ní in, pé kí wọ́n má fún yín ní suxamethonium. Ẹni tó bá ti fín 2,4-D lọ́sẹ̀ tí àìsàn dé náà gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀, kó má fi pamọ́ nítorí ìtìjú. Bí nọ́ọ̀sì bá bi yín pé ṣé ẹ ní àìsàn kankan tẹ́lẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn dáhùn pé rárá kí wọ́n lè tètè dá yín lóhùn.